Ọpọ́n ayò ni mo fẹ́ gbẹ́ fún Bàbá mi, ṣùgbọ́n igi ń là mọ́ mi lọ́wọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó ba pákó kẹta jẹ́.

Bàbá mi yóò pé ẹni ọdún 75 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà òní. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ṣètò àríyá: aṣọ òfì láti Ìṣẹ́yìn, màlúù kan, àwọn onílù. Mo ti dá owó tèmi, n kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n mo mọ Bàbá. Bí àríyá bá ti lé ní wákàtí méjì, wọ́n á ti máa wo ẹnu ọ̀nà bóyá àlejò á dìde. Ohun tó ń dùn mọ́ wọn ni kí ẹnì kan jókòó síwájú wọn, kí wọ́n jọ ta ayò, kí wọ́n sì máa pe onítọ̀hún ní òpè títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ikán ti jẹ ọpọ́n wọn àtijọ́ tán. Páálí ẹyin ni wọ́n fi ń ta á báyìí, ojú sì ń tì mí bí mo bá rí i.

Mo ní ìsọ̀ kékeré kan tí mo fi páánù bò lẹ́yìnkùlé. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, Sátidé nìkan ni mo máa ń wọ ibẹ̀. Mo ti kan àpótí ìjókòó, mo ti kan ilé adìyẹ (àwọn adìyẹ ò tíì fẹjọ́ sùn), ṣùgbọ́n n kì í ṣe káfíńtà. Mo ra pákó igi ọmọ tó nípọn íńṣì 2, torí mo gbọ́ pé igi ọmọ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù, pé kì í le jù. Òótọ́ ni, kò le. Mo gbẹ́ ihò mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti là láti etí dé ihò kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìka mi. Mo ra òmíràn. Òun náà là.

Kí ló ń la igi yìí? Báwo ni mo ṣe máa mú kí ihò 12 náà dọ́gba? Ìyàwó mi ní kí n lọ ra èyí tí wọ́n ti gbẹ́ sílẹ̀, kí n kọ orúkọ Bàbá sí i lára, kí n sì wá sùn. Ẹ dákun, ẹ má kàn sọ pé òun ló gbọ́n.

Bàbá Káfíńtà

Ọmọ mi, igi tútù lo rà. Pákó tí wọ́n là láàárọ̀ tí wọ́n sì tà lọ́sàn-án, omi ṣì kún inú rẹ̀. Etí méjèèjì máa ń tètè gbẹ ju àárín lọ. Ibi tó gbẹ á súnkì, ibi tó tutù á ní òun ò lọ síbì kankan, ibi tí wọ́n ti ń fa ara wọn mọ́ra lọ́wọ́ ló ti máa là. Ìwọ wá tún gbẹ́ ihò sí i, o ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ fún oòrùn àti atẹ́gùn.

Bí o bá tún ra pákó lọ́jọ́ mìíràn, fi pẹ́ẹ̀ǹtì tàbí àbẹ́là yíyọ́ kun etí rẹ̀ méjèèjì, kí o tò ó síbi òjìji, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Gbé e sórí òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí o sì fi bírò kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára. Bó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì ń jáde nìyẹn. Ìgbà tó bá dúró lójú kan ni kí o tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tó fún pákó onííńṣì méjì, má tan ara rẹ jẹ.

Igi àtijọ́ ni kí o wá. Bí wọ́n bá wó ilé kan ládùúgbò rẹ, tètè débẹ̀ kí wọ́n tó fi férémù ilẹ̀kùn dáná. Ìrókò ló pọ̀ jù nínú wọn, ó sì ti gbẹ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ẹ. Fi mágínẹ́ẹ̀tì wá ìṣó inú rẹ̀, nítorí ìṣó kan péré ló máa ba ẹnu ṣíṣẹ́lì jẹ́. Kí o sì fi aṣọ di imú! Lébúlébú ìrókò ń yún ara, ó sì máa ń dí àyà àwọn ẹlòmíràn.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ṣùgbọ́n férémù kì í fẹ̀ ju íńṣì mẹ́fà lọ. Báwo ni ìlà ihò méjì ṣe máa gbà á?

Bàbá Káfíńtà

Gé e sí méjì. Ihò mẹ́fà lára ọ̀kan, mẹ́fà lára èkejì, kí o fi hínjì so wọ́n pọ̀ kó lè máa ṣí, kó sì máa pa dé bí ìwé. Inú rẹ̀ ni ọmọ ayò á máa gbé. Mo ti gbẹ́ irú ẹ̀ rí fún awakọ̀ kan.

Ọ̀gá Ìbàdàn

Ẹ lọ rà á jàre. Pákó méjì ti lọ, kẹta ń bọ̀. Owó yẹn á ti ra ọpọ́n méjì, ẹ̀bùn ẹni náà á sì tún jọ ẹ̀bùn.

Àbẹ̀kẹ́

Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ra aago ògiri fún ìyá yín lọ́jọ́sí, àbí? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ káfíńtà.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ìmúra o. Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan tí ẹnì kankan ò tíì béèrè: báwo ni ọwọ́ Bàbá?

Mo ń béèrè torí pé bàbá tèmi ti lé ní 80, làkúrègbé sì ti wọ oríkèé ìka wọn. Lọ́dún tó kọjá, àwa ọmọ pawọ́ pọ̀, a ra ọpọ́n ayò kan fún wọn. Ó rẹwà! Wọ́n gbẹ́ ẹyẹ sí i lórí, wọ́n gbẹ́ ẹlẹ́ṣin sí i nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ihò rẹ̀ há, wọ́n sì jìn bí ago. Ìka Bàbá ò lè tẹ̀ wọ inú rẹ̀. Kí wọ́n tó kó ọmọ ayò mẹ́ta, wọ́n á gbé ọpọ́n náà ṣẹ̀gbẹ́, ti inú ihò kejì á sì dà mọ́ ọn. Wọ́n ò sọ fún wa o. Wọ́n kàn ń sọ pé ojú ń ro àwọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a bá ọpọ́n lórí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ibẹ̀ ló wà dòní.

Ẹni tó béèrè

Ìyá Ìbejì, ẹ pa mí lẹ́nu mọ́. Láti ọdún tó kọjá ni ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ò ti ká dáadáa mọ́. Màmá ló ń bá wọn de bọ́tìnì. Ihò tí mo gbẹ́ sára àwọn pákó yẹn, íńṣì méjì péré ni, torí ohun tí pákó gbà nìyẹn. Mo wọn pákó títí, n ò rántí wọn ọwọ́.

Tísà Àgbà

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bá ọwọ́ Bàbá ṣe ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí ihò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní íńṣì mẹ́rin, kó má jìn ju íńṣì kan lọ, kó dà bí àwo ọbẹ̀, kó má dà bí ife. Ihò mẹ́fà jẹ́ íńṣì 24. Ẹ fi ààbọ̀ íńṣì sáàárín wọn ní ọ̀nà márùn-ún, ìyẹn íńṣì méjì ààbọ̀. Ẹ fi íńṣì kan sílẹ̀ ní etí kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 28 ààbọ̀, ẹsẹ̀ bàtà méjì ó lé díẹ̀. Ó gùn o, ṣùgbọ́n orí tábìlì ló máa wà, Bàbá ò níí rù ú lọ sóko. Bí odù (ọmọ ayò tó pọ̀ jọ sínú ihò kan) bá sì kún níbẹ̀, ọmọ ayò 20 kò níí dà sílẹ̀.

Ìdí agolo mílíìkì oníyẹ̀fun, ti 400 gíráàmù, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íńṣì mẹ́rin. Ẹ gbé e lé igi, ẹ fi pẹ́ńsù yí i ká.

Ní ti kí wọ́n dọ́gba, gààrí ni kí ẹ lò. Ẹ bu gààrí gbígbẹ kún ihò àkọ́kọ́, ẹ fi rúlà gé orí rẹ̀ dọ́gba, kí ẹ dà á sínú ihò kejì. Bó bá kún àkúnwọ́sílẹ̀, ẹ ṣì ń gbẹ́ ẹ lọ. Bí kò bá kún un, ẹ ti gbẹ́ ẹ jù, ẹ sì ti wọ gbèsè nìyẹn, torí igi tó ti kúrò ò ṣe é dá padà. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ mu gààrí yẹn o, lébúlébú igi ti wà nínú rẹ̀.

Ará Manchester

Mo gbẹ́ tèmi nínú sẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ilé mi níbí. Ọ̀rọ̀ kan ni mo ní: ẹ de igi mọ́ tábìlì kí ẹ tó gbẹ́ ẹ. Èmi fi ọwọ́ òsì di igi mú, mo fi ọ̀tún ti ṣíṣẹ́lì, ó yọ̀, ó wọ àtẹ́lẹwọ́ mi. Wọ́n gán an ní abẹ́rẹ́ márùn-ún. Ẹ̀yìn ẹnu ṣíṣẹ́lì ni kí ọwọ́ méjèèjì máa wà nígbà gbogbo.

Bàbá Káfíńtà

Òótọ́ ló sọ. Má sì lo ṣíṣẹ́lì ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ fún ihò. Lọ bá alágbẹ̀dẹ, kó fi sípíríǹgì mọ́tò rọ èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí èékánná fún ọ. Bí o bá parí, kun ún ní fáníìṣì.

Ọmọ Agbẹ́gilére

Ẹ foríjì mí, Bàbá Káfíńtà, n ò fara mọ́ ti fáníìṣì. Ihò tí ọwọ́ ń wọ̀ lójoojúmọ́, fáníìṣì á bó níbẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, á sì rí pálapàla. Ewé ìpín ni bàbá bàbá mi fi ń dán igi kí sáńpépà tó dé. Ẹ fi sáńpépà ṣe é tán, kí ẹ wá fi ewé ìpín gbígbẹ parí ẹ̀, kí ẹ sì fi òrí pa á. Ẹ má lo epo pupa, yóò kun aṣọ àlejò.

Àdùkẹ́ Aláró

Ẹ wá nǹkan fún àwọn ọmọ-ọmọ náà ṣe, ká má kàn wọṣọ fún wọn jókòó bí ère. Kí wọ́n ṣe àpò ọmọ ayò, àdìrẹ oníko. Ẹ fún wọn ní aṣọ òwú funfun àti òkúta wẹ́wẹ́ 48, kí wọ́n máa fi aṣọ bo òkúta kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ìko so ó pinpin. Ẹ má lo ọmọ ayò fúnra rẹ̀, aró á kùn ún. Àgbà ni kó ṣe ti aró o, kọ́sítíìkì inú rẹ̀ ń bó awọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró wò ó. Bí ẹ bá fà á jáde, á rí bí ewé tútù, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Ẹ fẹ̀ ẹ́ sí atẹ́gùn, lójú wọn báyìí ló máa di búlúù.

Ẹni tó béèrè (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje)

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti ṣe é o.

Àbúrò Bàbá ló kó férémù méjì pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná lábúlé, láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn sí ti irin. Ìṣó mẹ́ta ni mo bá nínú ọ̀kan. Sátidé mẹ́rin gbáko ni mo fi gbẹ́ ẹ. Gààrí Tísà ṣiṣẹ́, ihò 11 dọ́gba. Ìkejìlá, ọwọ́ mi ti rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gba ẹ̀kúnwọ́ gààrí kan ju àwọn yòókù lọ. Ìyàwó mi tó ní kí n lọ rà á ló já ewé ìpín létí ọgbà, tó ń fi í dán igi títí di aago 11 òru. Ó ní kí n má sọ fún yín.

Bàbá ò kí mi kú iṣẹ́. Wọ́n ṣí i, wọ́n ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ihò àkọ́kọ́, wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún kì í bọ̀ ọ́. Wọ́n wo ọwọ́ náà. Wọ́n wá ní, "Jókòó, òpè." Nígbà tí àwọn onílù ń palẹ̀ mọ́, a ṣì wà lórí rẹ̀. Níbi ayò kẹrin ni wọ́n dúró, wọ́n ní, "Ilé kẹta rẹ yẹn jìn. Ṣé kí n má baà ka iye tó wà níbẹ̀ lo fi gbẹ́ ẹ báyẹn?"

Ìṣòro kan ló kù. Àpò àdìrẹ náà dára, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ṣe é ti fi ọmọ ayò ṣe ohun ìṣeré, 41 ló kù. Níbo ni mo ti lè rí i rà?

Ọmọ Agbẹ́gilére

Ọ̀dọ̀ àwọn lẹ́kuléja. Ẹ wá èyí tó ní àwọ̀ eérú, tó ń dán, tí kò ní ihò kòkòrò.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ra 60, àwọn ọmọ yẹn ò tíì ṣe tán. Ẹ dákun, mo ní férémù ìrókò kan níbí. Sátidé wo ló máa yọwọ́ fún yín?