Ọmọ tí ara rẹ̀ kọ wàrà màlúù: kí ni a lè fún un, kí ni kò yẹ kí a fún un?

Ìyá Ọmọ, Kétu

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera. Kétu ni mo ń gbé. Ọmọkùnrin mi ti pé oṣù 7. Ọmú nìkan ló ń mu títí ó fi pé oṣù 6, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó sì ń sanra bó ṣe yẹ. Nígbà tí mo padà sí ọjà, a bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní wàrà agolo lọ́sàn-án. Láti ìgbà náà ló ti ń bì, ara rẹ̀ ń sú, ó sì ń yún un, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sì ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Dókítà ọmọdé tí a lọ rí ní Àjàṣẹ́ sọ fún wa pé purotéènì inú wàrà màlúù ni ara rẹ̀ kọ̀. Ó ní kí a dáwọ́ wàrà yẹn dúró, ó sì kọ òmíràn tí wọ́n ti gé purotéènì rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ fún wa. Owó rẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì, kì í sì í sábà sí ní famasí tó wà nítòsí wa, àfi kí a ránṣẹ́ sí Kútọnu.

Àwọn àgbà ilé wa ní kí n má ṣe da ara mi láàmú, kí n wá wàrà ewúrẹ́ fún un. Aládùúgbò mi kan ní wàrà sóyà tí a ń ṣe nílé ti tó. Ìyá ọkọ mi ní ògì ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wọn, pé bí ọmọ bá kọ̀ ọ́, kí a rọ ọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé dandan ni wàrà agolo tí dókítà kọ yẹn? Ṣé ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí lè rọ́pò rẹ̀? Ọmọ náà ṣì ń mu ọmú lówùúrọ̀ àti lálẹ́, èmi náà sì fẹ́ràn wàgáṣì, ìyẹn wàràkàṣì wàrà màlúù tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà: ṣé ó yẹ kí n jáwọ́ nínú rẹ̀?

Onímọ̀ Oúnjẹ, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá. Ìbéèrè tí ẹ fi kẹ́yìn ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ló lè dín ìnáwó yín kù jù lọ. Ẹ sọ pé ara ọmọ náà dá ṣáṣá ní gbogbo ìgbà tó jẹ́ ọmú nìkan ló ń mu, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin sì ń jẹ wàgáṣì lásìkò náà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba purotéènì wàrà màlúù tó ń gba inú ọmú yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tó èyí tó ń dà á láàmú, kò sì sí ìdí tí ẹ ó fi fi oúnjẹ du ara yín. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn yìí nígbà tó jẹ́ ọmú nìkan ló ń mu ni a máa ń sọ fún pé kó yẹra fún wàrà, wàgáṣì, bọ́tà àti yọ́gọ́ọ̀tì fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, kó sì tún jẹ wọ́n padà lẹ́yìn náà, kí a lè mọ̀ dájú bóyá àwọn ni. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa gba kálísíọ́mù àti fítámì D lọ́wọ́ dókítà ní gbogbo àsìkò náà.

Nítorí náà, ọmú yín ni wàrà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ẹ bá lè fún omi ọmú sínú ife mímọ́ tó ní ìdérí kí ẹ tó lọ sí ọjà, tí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án níbi tí ẹ wà, ẹ lè rí i pé ohun tí ẹ ó máa rà nínú agolo kò ní pọ̀ rárá. Nínú fíríìjì, omi ọmú lè wà fún ọjọ́ 4. Níta, wákàtí 4 ni wọ́n máa ń sọ fún ilé tí kò gbóná ju ìwọ̀n 25 lọ, ṣùgbọ́n nínú ooru tiwa ẹ má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àlàfo tí ọmú kò bá lè dí ni wàrà tí dókítà kọ wà fún, ní ti ìyẹn, dókítà yín tọ̀nà. Purotéènì inú wàrà màlúù pín sí ọ̀nà méjì, casein àti whey, ara ọmọ yín sì ń bá wọn jà bí ẹni ń bá ọ̀tá jà. Ní ilé iṣẹ́, wọ́n máa ń gé wọn sí wẹ́wẹ́ títí ara kò fi ní dá wọn mọ̀ mọ́. Nǹkan bí 90 nínú 100 ọmọ tó ní irú ìṣòro yìí ni ara wọn ń gbà á. Kì í ṣe ohun tuntun tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ yín dán wò, nítorí láti ọdún 1942 ni Nutramigen, tó jẹ́ ọ̀kan nínú irú rẹ̀, ti wà. Fún àwọn ọmọ tí ara wọn bá kọ ìyẹn pàápàá, irú mìíràn wà tó jẹ́ pé amínò ásíìdì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó ń para pọ̀ di purotéènì, nìkan ni wọ́n pò sínú rẹ̀, bíi Neocate, òun ló sì máa ń wọ́n jù.

Wàrà ewúrẹ́ ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fún un. Purotéènì rẹ̀ jọ ti màlúù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ó ju 90 nínú 100 ọmọ tí ara wọn kọ ti màlúù lọ tí ara wọn yóò kọ ti ewúrẹ́ náà. Wàrà tí wọ́n kọ sí i lára pé kò ní lactose kò lè ràn yín lọ́wọ́ bákan náà, nítorí ṣúgà inú wàrà ni wọ́n mú kúrò níbẹ̀, purotéènì rẹ̀ ṣì pé.

Ti sóyà gba àlàyé díẹ̀. Ọmọ tó ti kọjá oṣù 6 lè mu wàrà agolo tí wọ́n fi sóyà ṣe fún ọmọ ọwọ́, bí dókítà bá fọwọ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí 10 sí 14 nínú 100 irú àwọn ọmọ yìí ni ara wọn ń kọ sóyà náà. Ṣùgbọ́n wàrà sóyà tí a lọ̀ tí a sì sẹ́ nílé kò ní kálísíọ́mù, ọ̀rá àti fítámì tó yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, kò sì lè dúró ní ipò wàrà fún un. Ẹ lè fi ìyẹ̀fun sóyà tí a ti yan kún ògì rẹ̀, ìyẹn dára gan-an. Ògì lásán, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi ẹja gbígbẹ tí ẹ lọ̀ kúnná, epo pupa, ẹ̀wà tí ẹ bó èèpo rẹ̀ tàbí ẹyin kún un, kí ẹ máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kún un ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ lè mọ èyí tí ara rẹ̀ gbà.

Bàbá Àdùkẹ́, Ṣábẹ̀ẹ́

Ìyá Ọmọ, ọ̀rọ̀ rírọ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọmọbìnrin mi kò tètè ké nígbà tí a bí i, ọpọlọ rẹ̀ sì fara gbá a, iṣan ẹnu àti ti ọ̀fun rẹ̀ kò lágbára láti gbé oúnjẹ mì. Ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì kọ́ wa nítorí tirẹ̀ wúlò fún gbogbo ọmọ. Bí a bá tẹ́ ọmọ sẹ́yìn lórí ẹsẹ̀, tí a dí i nímú, tí a sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ da ògì sí i lẹ́nu, ẹnu náà ni yóò fi mí, ògì lè bá èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí ó sì di òtútù àyà. Ọmọ tí ara rẹ̀ le pàápàá lè ti ibẹ̀ kú. Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ tí ń bì tí inú sì ń run lè ní ìdí tó fi ń kọ oúnjẹ, rírọ yóò sì mú kí ó máa sá fún ṣíbí lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ gbé e jókòó dáadáa, kí ẹ̀yìn rẹ̀ nà, kí àgbọ̀n rẹ̀ sì rẹlẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi ṣíbí kékeré fún un, kí ẹ dúró de kí ó gbé e mì kí ẹ tó tún bù. Bí ó bá ń húkọ́ tàbí tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀ nígbàkigbà tó bá jẹun, tàbí tí òtútù àyà ń mú un lemọ́lemọ́, ẹ lọ sọ fún dókítà kíákíá, nítorí ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ wàrà mọ́. Ti ọmọ tiwa dé ibi tí wọ́n fi ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ihò imú rẹ̀ lọ sínú ikùn fún ìgbà kan, oúnjẹ olómi tí wọ́n ti ṣírò agbára rẹ̀ ni wọ́n sì ń gba ibẹ̀ fún un. Ẹ̀rù bà wá nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò.

Ohun kan ṣì kù tí kò yẹ kí ẹ gbàgbé. Bí ọmọ yín bá rù, tí wọ́n sì fẹ́ fún un ní Plumpy’Nut ní ilé ìwòsàn, ẹ tètè sọ pé ara rẹ̀ kọ wàrà. Láti ọdún 1996 tí àwọn ará Faransé méjì, André Briend àti Michel Lescanne, ti gbé oúnjẹ yẹn jáde ló ti gba ẹ̀mí ọmọ púpọ̀ là, gíráàmù 92 inú ọ̀rá kan sì ní agbára kálórì 500, ṣùgbọ́n ẹ̀pà àti ìyẹ̀fun wàrà ni wọ́n fi ṣe é. Wàrà náà ló wà nínú oúnjẹ olómi F-75 àti F-100 tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tí ìyà oúnjẹ ti jẹ jù.

Ẹni Famasí, Àjàṣẹ́

Mo kí gbogbo yín. Èdè Faransé ló wà lára agolo lọ́dọ̀ wa, nítorí náà, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ «hydrolysat poussé» sí, ìyẹn ni pé wọ́n ti gé purotéènì rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ gan-an. Bí ó bá jẹ́ «HA» nìkan ni ẹ rí, ẹ dá a padà, wọn kò gé purotéènì tirẹ̀ tó. Ìlànà Codex, àjọ àgbáyé tó ń ṣe òfin oúnjẹ, ti ọdún 1991 lórí oúnjẹ aláìsàn sọ pé kí wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé abẹ́ àmójútó oníṣègùn ni kí a ti lò ó.

Ohun tó máa ń dùn mí jù ni kí òbí fi omi púpọ̀ là á kí ó lè pẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò, ebi ni yóò máa pa ọmọ náà bí ikùn rẹ̀ tilẹ̀ kún. Ṣíbí inú agolo náà gan-an ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Omi tó ti hó tí kò sì tíì tutù ju ìwọ̀n 70 lọ ni kí ẹ fi pò ó, àyàfi bí agolo bá sọ ohun mìíràn. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ kí ẹ tó fún un, kí ẹ sì da èyí tó bá kù lẹ́yìn wákàtí 2 nù. Ó máa ń korò díẹ̀, òórùn rẹ̀ kò sì dára, ẹ lè fi pò ògì rẹ̀ títí yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá di aláwọ̀ ewé, ẹ má bẹ̀rù.

Ẹ máa ra agolo kan sílẹ̀ kí èyí tí ẹ ń lò tó tán. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kò pọ̀ láyé. Ní oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí Abbott pe àwọn ìyẹ̀fun wàrà tí wọ́n ṣe ní Sturgis ní Amẹ́ríkà padà, EleCare àti Alimentum, tí wọ́n ń ṣe fún irú àwọn ọmọ yìí, wà lára wọn, àwọn òbí sì wá wọn tì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ ní kí dókítà kọ orúkọ èkejì tó lè rọ́pò rẹ̀ sínú ìwé yín.

Ìyá Ọmọ, Kétu

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ń fún omi ọmú sílẹ̀, ìyá ọkọ mi náà sì ti gbà pé a kò ní rọ ọ́. Ó ku nǹkan méjì: ṣé kí n yẹra fún ẹ̀pà fún un, nígbà tí ara rẹ̀ ti ń sú yìí? Ṣé títí ayé ni kò ní lè mu wàrà?

Onímọ̀ Oúnjẹ, Àjàṣẹ́

Rárá o, ìyá. Ọ̀pọ̀ jù lọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ara wọn máa ń gba wàrà kí wọ́n tó pé ọdún 3 sí 5. Ní ti ẹ̀pà, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní London, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2015, fi hàn pé àwọn ọmọ tí èéyún líle tàbí àlẹ́jì ẹyin (kí ara kọ ẹyin) ń bá jà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀pà láti oṣù 4 sí 11, ni àlẹ́jì ẹ̀pà kò wọ́pọ̀ láàárín wọn nígbà tí wọ́n pé ọdún 5, ó fi 81 nínú 100 dín sí ti àwọn tí wọn kò fún ní ẹ̀pà. Yíyẹra fún un láìnídìí lè dá wàhálà sílẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ń sú gan-an, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà. Bí kò bá le, ẹ po ẹ̀pà lílọ̀ tó kúnná díẹ̀ mọ́ ògì. Ẹ̀pà oníhóró lè há ọmọdé lọ́fun, ẹ má fún un títí yóò fi pé ọdún 5.

Ní ti wàrà, lẹ́yìn oṣù 6 tó ti yẹra fún un, tí ó sì ti pé oṣù 9 sí 12, dókítà lè gbà pé kí ẹ dán an wò. Bísíkíìtì tí wàrà díẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí iná ti yan dáadáa, ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, wàrà tútù ló ń kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ètè rẹ̀ bá ti wú rí, tí èémí rẹ̀ ti há, tàbí tí gbogbo ara rẹ̀ lé wúwú láàárín wákàtí 2 tó mu wàrà, ẹ má ṣe dán an wò nílé rárá. Ilé ìwòsàn tó ní adirẹnalíìnì, oògùn tí wọ́n fi ń gba ẹni tí ara rẹ̀ kọ oúnjẹ gidigidi là, lọ́wọ́ ni kí wọ́n ti ṣe é.