Tẹ́tẹ́ rọ́gíbì: ìṣẹ́jú 80 ni wọ́n kà, mo pàdánù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Leeds ni mò ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló mú mi mọ Super League, líìgì rọ́gíbì ẹlẹ́ni-mẹ́tàlá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996. Ó ní owó ló fa á tí rọ́gíbì fi pín sí oríṣi méjì ní Huddersfield ní 1895: àwọn tó ń pa iṣẹ́ jẹ torí eré fẹ́ kí wọ́n san án fún wọn. Èmi náà ì bá béèrè!

Mo ta tẹ́tẹ́ £10 pé ẹgbẹ́ wa á borí. Ìṣẹ́jú 80 pé, ọ̀mì ni, 18-18. Wọ́n wọ àfikún àsìkò tí wọ́n ń pè ní golden point, tó dé sí líìgì yìí ní 2019: ẹni tó bá kọ́kọ́ gba àmì ló borí. Àwa la gbà á. Mo fò títí, mo da tíì sára. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ní mo pàdánù.

Mo ti yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò: "80 mins" wà níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ rí bíńtín. Mo bi ọmọbìnrin orí káńtà, ó ní bẹ́ẹ̀ lòfin wí. Mo rò ó pé kí n kọ̀wé ẹ̀sùn, àmọ́ mi ò rò pé mo jàre.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, irú tẹ́tẹ́ wo ni kí n máa béèrè fún, tó máa ka àfikún àsìkò mọ́ ọn?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.