Orin "Ìyá ni wúrà" fún ẹni tí kò lóyún mi

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà láti ọmọ oṣù mẹ́wàá. Wọn ò bímọ. Wọ́n máa pé 70 ọdún lóṣù tó ń bọ̀, ó sì wù mí kí n kọ "Ìyá ni wúrà iyebíye" fún wọn. Ohùn orin náà ń rọra lọ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti ń kọ ọ́, síbẹ̀ àgbà tó bá gbọ́ ọ lónìí á ṣì máa wá áńkáṣíìfù.

Ibi tó ti ta kókó ni "ó lóyún mi fóṣù mẹ́sàn-án". Mi ò fẹ́ kó gún wọn lọ́kàn lójú èrò. "Ó pọ̀n mí fọ́dún mẹ́ta" ní tiẹ̀ kò ní wàhálà, wọ́n pọ̀n mí dáadáa (mo sì sanra nígbà yẹn o!).

Ṣé kí n fo ti oyún yẹn ni? Mo gbìyànjú "ó gbà mí tọ́", kò bá ohùn orin mu rárá. Àbúrò mi ní àwọn èrò tó ń gbè é ò ní jẹ́ kí n fo nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?