Omi adágún ń fà, ibo ni kí n dẹ àwọ̀n sí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apẹja. Adágún tí a fi ìdídò sé ni. Omi rẹ̀ ti fà tó mítà kan ààbọ̀, koríko etí omi tí èpìyà ń yé sí ti bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Tí mo bá fi okùn sọ àwo funfun sómi, kì í tó 30 sẹ̀ǹtímítà tí mi ò fi ní rí i mọ́. Omi dídọ̀tí ń bo àwọ̀n lójú ẹja, èrè nìyẹn, àmọ́ kùkùté tó ti sún mọ́ òkè omi ń fà á ya.

Àwọ̀n olójú íǹṣì 3 ni, ó ga ní mítà 2. Níbi tí omi ò ti ju mítà kan lọ, ńṣe ló ń ká jọ. Ṣé kí n gé e kúrú ni, àbí kí n gbé e lọ sójú odò àtijọ́ tó jìn, ibi tí odò ń gbà kí wọ́n tó sé e? Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé afẹ́fẹ́ inú omi lè má tó nísàlẹ̀ ibẹ̀: ẹja tó bá há lóru á ti bàjẹ́ kílẹ̀ tó mọ́. Tí wọ́n bá sì ṣí ìdídò lójijì ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń fi òjé kún okùn ìsàlẹ̀ kí omi má baà gbé àwọ̀n lọ?