X-ray ní eegun kò kán, ṣùgbọ́n ọmọ mi ò lè tẹlẹ̀: ta ni kí n gbé e lọ bá?

Ìyá Táíwò, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n gbá Táíwò mi, ọmọ ọdún 13, lẹ́sẹ̀ níbi bọ́ọ̀lù ilé ìwé ní Sátidé. Ẹsẹ̀ yí sínú, ó sì ṣubú lé e. Kílẹ̀ tó ṣú, ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún ti wú bí ọsàn. Ilé ìwòsàn kan ládùúgbò ya X-ray, wọ́n ní kò kán, ó kàn rọ́ ni, wọ́n fún un lóògùn ìrora. Ọjọ́ 6 rèé, kò lè fi tẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní ká gbé e lọ bá bàbá tó ń to eegun. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé dókítà eegun tó jẹ́ ti ọmọdé wà?

Alàgbà, Tákíè
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ gbé e lọ bá bàbá. Nígbà tí mo já bọ́ lórí igi máńgòrò, ẹni tó ń to eegun lábúlé wa ló tò mí lápá. Apá náà ni mo fi ń roko dòní.

Ìyá Dámilọ́lá, Ọ̀yọ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fa ẹsẹ̀ yẹn. Ohun tó ṣe Dámilọ́lá mi lọ́dún tó kọjá nìyẹn, níbi tó ti ń fo fífò jíjìn; ọmọ ọdún 12 ni. "Kò kán, kò kán" làwa náà ń gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2. UCH n'Ìbàdàn la bá a dé, lọ́dọ̀ dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ eegun ọmọdé. Kó tó wo fọ́tò rárá, ó ní kí ọmọ fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka síbi tó ń dùn ún. Ó wá fi àtàǹpàkò tẹ ìbú ìka kan sókè kókó eegun ìta. Dámilọ́lá figbe ta.

Ó ní ibẹ̀ leegun ti ń gùn sí i. Nítòsí ìpẹ̀kun eegun ọmọdé, apá kan wà tó ṣì rọ̀, tí kò tíì le. Kì í hàn nínú X-ray, bí àlàfo ló máa ń rí. Bí àgbà bá fẹsẹ̀ rọ́, iṣan tó so eegun mọ́ra ló sábà máa ń ya. Ti ọmọdé, iṣan náà lè lágbára ju ibi rírọ̀ yẹn lọ, ibẹ̀ ló máa yẹ̀. Tó bá yẹ̀ tó sì padà sáyè, fọ́tò á mọ́ toní-toní. Nǹkan bí ọdún 14 ló máa ń le tán lára obìnrin, 16 lára ọkùnrin, nítorí náà ti Táíwò ṣì ń dàgbà. Bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, ẹsẹ̀ lè wọ́, ó sì lè kúrú ju èkejì.

P.O.P., ìyẹn ìdì funfun tó máa ń le bí òkúta, ni wọ́n fi sí tiwa fún ọ̀sẹ̀ 3. Lẹ́yìn oṣù 6, ó ní ká tún wá, kóun fi ẹsẹ̀ méjèèjì wéra. Ó tún bi mí pé ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ lọmọ fi ń fò. Mo ní ojoojúmọ́, àfi Sunday. Ó dùn mí, torí èmi ni mo ń jí i láago 5 ìdájí.

Nọ́ọ̀sì kan, Ògbómọ̀ṣọ́
Ìyá Táíwò, ẹ má dúró de Ìbàdàn. Ẹ lọ sí Bowen, ọsibítù Baptist àtijọ́, tàbí LAUTECH, kẹ́ ẹ béèrè ẹ̀ka eegun. Ẹ mú fọ́tò náà dání. Alàgbà, inú mi dùn pé apá yín san. Àmọ́ mo ti rí ọmọ tí wọ́n fi igi di lẹ́sẹ̀ le jù, tí ẹ̀jẹ̀ ò rọ́nà dé ìka. Bí ìka bá tutù, tó ń dúdú, tàbí tí ìrora ń le sí i, òru ni o, ọ̀sán ni o, ẹ tú u, kẹ́ ẹ sáré gbé e wá.

Ìyá Táíwò
Ẹ ṣé gan-an. Àná la lọ. Ibi tí Ìyá Dámilọ́lá wí gẹ́lẹ́ ni dókítà tẹ̀, Táíwò sì gbá mi lápá mú. Wọ́n ti fi P.O.P. sí i, ká padà wá lọ́sẹ̀ 3. Ohun kan ṣoṣo tó bi dókítà ni bóyá àṣekágbá bọ́ọ̀lù ilé ìwé á bá òun. Dókítà ní rárá. Ẹkún ló sun délé. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló gbé e sọ̀ lórí ọ̀kadà. Ọ̀pá abẹ́ abíyá tí wọ́n fún wa gùn jù fún un. Ẹni tó bá ní ti ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́, mo wà nítòsí Sábó.