Ta ni ó yẹ kí ó máa ṣe àyẹ̀wò ibùgbé àwọn obìnrin ẹlẹ́wọ̀n, báwo ni a sì ṣe ń ṣe é?

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí èmi àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa, tí púpọ̀ nínú wa ń tajà ní ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí, ti ń gbé oúnjẹ, ọṣẹ àti aṣọ lọ fún àwọn obìnrin tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní ẹkùn wa. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí a ṣì fẹ́ kí wọ́n máa ṣílẹ̀kùn fún wa. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni à ń lọ, a sì máa ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Bí a bá débẹ̀, a ó bá àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, tí ipa ìgbálẹ̀ ṣì hàn lórí iyẹ̀pẹ̀. Àwọn obìnrin náà á jókòó sórí ẹní, wọ́n á kọrin fún wa, ọ̀gá á dúpẹ́, a ó ya fọ́tò, a ó sì ti padà sílé kí oòrùn tó kan àtàrí.

Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, bí mo ṣe ń pín ọṣẹ, ọmọbìnrin kan tí ó pọn ọmọ ọwọ́ di ọwọ́ mi mú bí ẹni tí ó ń dúpẹ́, ó sì sọ wẹ́lẹ́ sí mi létí pé: “Mọ́mì, ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n gbé àwọn garawa yẹn dé.” Garawa ńlá aláwọ̀ búlúù mẹ́ta ni ó wà lẹ́bàá ògiri. Omi kún wọn dé ẹnu, bébà tí ẹni tí ó tà wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn kò sì tíì ya. N kò béèrè. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá béèrè, wọn yóò mọ ẹni tí ó sọ fún mi.

Ìbéèrè mi nìyí: ǹjẹ́ ẹgbẹ́ bíi tiwa lè máa ṣe àyẹ̀wò bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn obìnrin yìí, àyẹ̀wò tí ó dá dúró tí kò sì sí lábẹ́ ọ̀gá ọgbà náà, láìjẹ́ pé a fa ìyà lé ẹnikẹ́ni nínú wọn lórí?

Akọ̀wé Àtijọ́ (Kétu)

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ilé ẹjọ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé ní Kétu. Ohun tí ẹ ń ṣe dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀wò àánú ni, kì í ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tí ó yan ọjọ́, ẹni tí ó yan yàrá tí ẹ ó wọ̀ àti ẹni tí ó yan àwọn tí ẹ ó bá sọ̀rọ̀ ni ó fi ìyàtọ̀ wọn hàn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ọ̀rọ̀ yín sì jẹ́ ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn ìlànà 122 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún ṣe ní 2015, tí wọ́n fi orúkọ Nelson Mandela sọ, béèrè oríṣi àyẹ̀wò méjì: èyí tí àwọn aláṣẹ ń ṣe fúnra wọn, àti èyí tí àwọn tí kò sí lábẹ́ wọn ń ṣe. Ìlànà 84 sì fún àwọn olùyẹ̀wò ní ẹ̀tọ́ láti wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀, láti wo ìwé àkọsílẹ̀, àti láti bá ẹlẹ́wọ̀n sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí, ìjọba fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn kan ní 2006 tí ó jẹ́ kí ìgbìmọ̀ àgbáyé tí ń dènà ìdálóró lè wọ ibikíbi tí a bá ti ti ènìyàn mọ́. Ìgbìmọ̀ náà wá ní 2008, wọ́n sì tún padà wá ní 2016. A tún ní àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tiwa, CBDH, tí iṣẹ́ rẹ̀ kan ìbẹ̀wò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Òfin 2012-36 ti ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2013 ni ó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n 2019 ni àwọn ọmọ àjọ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. (Ẹni tí ó bá ti rí bí fáìlì ṣe ń rìn láti orí tábìlì kan dé èkejì kò ní béèrè ohun tí ó fà á.) Ẹ̀yin kò ní agbára tí òfin fún wọn, n kò sì ní tàn yín jẹ. Ẹ lè jẹ́ ẹni tí ń kọ̀wé sí wọn déédéé, kí ẹ sì máa béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Ẹnu ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn ènìyàn kì í rántí. Abala 18 nínú òfin ìpìlẹ̀ wa ti 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ pé kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti ní kí dókítà tí ẹni àtìmọ́lé fúnra rẹ̀ yàn má yẹ̀ ẹ́ wò. Bí obìnrin kan bá ní òun fẹ́ dókítà kan pàtó, ẹni tí ó bá dí i lọ́nà ti lòdì sí òfin tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ yìí.

Agbẹ̀bí (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé ti sọ ti òfin, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú àti ọwọ́. Ní 2010, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìlànà 70 kalẹ̀ fún àwọn obìnrin ẹlẹ́wọ̀n nìkan, èyí tí wọ́n ń pè ní ti Bangkok. Ó ní kí omi máa wà fún wọn nígbà gbogbo, kí páàdì nǹkan oṣù jẹ́ ọ̀fẹ́, kí a má ṣe sí ọmọ tí ó bá ìyá rẹ̀ wọlé bí ẹlẹ́wọ̀n láé, kí obìnrin sì wà nínú gbogbo ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àyẹ̀wò.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè pé “Ṣé omi wà?”, ẹnikẹ́ni á dáhùn pé ó wà. Ẹ béèrè pé: “Lánàá, garawa mélòó ni o fi wẹ̀, ta ni ó sì pọn ọ́n?” Kí ẹ ki ọwọ́ bọ inú garawa náà dé ìsàlẹ̀. Èyí tí omi ń gbé inú rẹ̀ lójoojúmọ́ máa ń yọ̀ lọ́wọ́, àní bí wọ́n tilẹ̀ ń fọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n rà lánàá nítorí yín á gbẹ lára, á sì máa rùn bíi rọ́bà tuntun. Ti páàdì, ẹ má wo inú àpótí tí wọ́n tò ó sí, ohun tí wọ́n sá sórí okùn aṣọ ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá rí àkísà tí wọ́n gé jálajàla, tí wọ́n fi aṣọ mìíràn bò mọ́lẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Ti ọmọ ọwọ́, ẹ béèrè ìwé ìwọ̀n rẹ̀. Oṣooṣù ni ó yẹ kí wọ́n kọ nǹkan sí i. Bí kíkọ bá dúró ní oṣù tí ìyá wọlé, ẹ kò nílò ẹlẹ́rìí.

Ẹ ò rí i pé kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ẹnikẹ́ni ní láti sọ fún yín? Bí ẹ bá sì fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, iye ìṣẹ́jú kan náà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tí ó ní ẹ̀sùn àti ẹni tí kò ní, kí ó má baà sí ẹni tí wọ́n lè nàka sí pé òun ni ó sọ ọ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Lọ́ńdọ̀nù)

Mo ti ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí bọ̀ níhìn-ín. Ní Ẹngíláńdì, òfin 1952 ni ó ní kí gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tí ń bẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lónìí, Independent Monitoring Board, bẹ̀rẹ̀ ní 2003. A kì í gba owó oṣù. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wa, a sì lè wọ ibi tí ó wù wá nígbà tí ó wù wá. Àpótí alágádágodo wà tí ẹlẹ́wọ̀n lè ju ẹ̀sùn rẹ̀ sí, tí ẹ̀ṣọ́ kò lè ṣí. Lọ́dọọdún ni a ń kọ ìròyìn sí mínísítà, tí a ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé.

Síbẹ̀, ẹ má rò pé kọ́kọ́rọ́ tó. A kò lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ní Bronzefield, ọgbà ẹ̀wọ̀n obìnrin tí ó tóbi jù níbí, ọmọ ọdún 18 kan dá bímọ nínú yàrá rẹ̀ lóru ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ọmọ náà sì kú. Ìwádìí tí ó jáde ní 2021 fi hàn pé ó ti tẹ aago ìpè lẹ́ẹ̀mejì ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun fẹ́ nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì kò dé. Láti ìgbà tí mo ti ka ìwádìí náà, ibikíbi tí mo bá wọ̀, mo máa ń tẹ aago yàrá kan fúnra mi, n ó sì wo aago ọwọ́ mi títí ẹnì kan á fi dé. Mo máa ń kọ iye ìṣẹ́jú náà sílẹ̀. Bí kò bá sí aago níbi tí ẹ ń lọ, ẹ béèrè bí obìnrin tí ó ń rọbí lóru ṣe lè pe ẹ̀ṣọ́, àti bóyá obìnrin ni ẹ̀ṣọ́ náà.

Bàbá Ràfíù (Àjàṣẹ́)

Gbogbo ohun tí ẹ sọ ni ó dára, ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá gbọ́ pé Ìyá Ìbejì ń ki ọwọ́ bọ garawa, tí ó sì ti ilẹ̀kùn, ta ni yóò máa gbé gàárì lọ fún wọn? Ẹnu ń jẹun kí ó tó rojọ́ o.

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́)

Bàbá Ràfíù, ibẹ̀ gan-an ni ó ń kó mi láyà sókè. Mo bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ jókòó lálẹ́ àná, a sì pín ara wa sí méjì. Àwọn tí ń gbé oúnjẹ lọ kò ní kọ ìwé kankan, wọn kò sì ní béèrè ju ohun tí wọ́n ti ń béèrè tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn mẹ́ta mìíràn, tí agbẹ̀bí kan wà nínú wọn, ni yóò kọ̀wé sí àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tí wọn yóò sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí àwọn bá wọn wọlé ní ọjọ́ tí àjọ náà fúnra rẹ̀ bá yàn. Mo mọ̀ pé ó lè pẹ́. A kò ní pín ẹrù, a kò sì ní ya fọ́tò.

Ohun kan ni ó kù. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin náà kò gbọ́ Faransé. Gùn ni àwọn kan ń sọ, Yorùbá ni àwọn mìíràn ń sọ, ẹ̀ṣọ́ ni ó sì máa ń túmọ̀ fún àlejò. Akọ̀wé Àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹ bá mọ ẹni tí ó gbọ́ èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, tí kò sì ní ará níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi lábẹ́lẹ̀.