Wọ́n ní kí n má sọ Yorùbá sí ọmọ mi mọ́, ṣé òótọ́ ni?

Màmá Kékeré (Coventry): Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi ọkùnrin máa tó pé ọdún 2, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀ ò pọ̀ rárá: omi, mọ́mì, bọ́ọ̀lù, "no", "gbé mi". Wọ́n wá sọ fún mi ní nọ́sìrì pé kí n fi Yorùbá sílẹ̀ nílé, pé òun ló ń dà á lórí rú. Ọkọ mi ti fẹ́ gbà fún wọn, ìyá mi ní Àkúrẹ́ sì ní a ò gbọdọ̀ dán an wò. Ẹ gbà mí o.

Ìyá Ìbejì (Leeds): Àbúrò mi, má fi sílẹ̀ o jàre. Èdè méjì kì í dá ọmọ lọ́wọ́ kọ́ láti sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ ka ti Yorùbá mọ́ ti òyìnbó, nọ́sìrì á kàn ka tiwọn á ní kò tó. Tó bá fi máa pé ọdún 2, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 50 ni wọ́n ń retí, kó sì máa so méjì pọ̀. "Gbé mi" tó ń sọ yẹn ńkọ́, ṣé kì í ṣe méjì ni?

Èmi o, ìgbà ìwẹ̀ ni mo fi ń kọ́ tèmi. "Ó yá, gbé apá, apá kejì dà, imú ńkọ́?" Tí mo bá ti béèrè báyìí, màá panu mọ́, màá máa wò ó lójú. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń kánjú nìyẹn, a béèrè tán a tún dá ara wa lóhùn, ọmọ ò wá ráyè. Kẹ́hìndé á kọ́kọ́ wò mí, ẹnu á máa mì, á wá fọwọ́ kan imú, á ní "mú!" Mi ò ní sọ pé kò sọ ọ́ dáadáa, màá kàn ní "ẹ̀n-ẹ́n, imú ni, imú Kẹ́hìndé ti mọ́!" Ó tán.

Ẹ̀kímọ̀gún (Dublin): Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò o, kódà tó bá yege àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un nígbà tí ẹ bí i. Omi lè dúró sẹ́yìn ìlù etí, ó wọ́pọ̀ lára ọmọdé, ó sábà máa ń lọ fúnra ẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó lọ ọmọ ò ní máa gbọ́ dáadáa, ẹ ó ní ó ń ṣe oríkunkun. Fóònù náà, ẹ rọra. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ ọ́ lọ́dún 2019 pé ọmọ tí ò tíì pé ọdún 2 kó má wo nǹkankan, ọdún 2 sí 4 kó má ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Kátúùnù kì í dáni lóhùn.

Màmá Kékeré: Ti vídíò kọ́ọ̀lù sí màmá wa ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ìyẹn yàtọ̀, màmá ń fèsì. Ìyá tèmi náà ní Àkúrẹ́ á gbé fóònù ti igbá, á máa ṣẹ́ ẹ̀fọ́. Ewúrẹ́ aládùúgbò yọjú, Táyé pariwo "mẹ́ẹ̀!", màmá ní "ewúrẹ́ ni, ó fẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ mi, lé e!", àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ "lé e! lé e!" láti Leeds. Ewúrẹ́ ò tiẹ̀ wojú ẹni kankan 😂

Màmá Kékeré: 😂😂 Ọkọ mi máa ń lú Yorùbá mọ́ òyìnbó, ṣé kò léwu?

Ẹ̀kímọ̀gún: Ṣé àwọn tó wà nílé ní Nàìjíríà gan-an kì í lú u ni? Kò ṣe nǹkankan, kó ṣáà máa bá ọmọ sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì: Health visitor, nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó àwọn ọmọdé, máa ń ṣe àyẹ̀wò láàárín ọdún 2 sí 2 àbọ̀, tí ọkàn ẹ ò bá balẹ̀ má dúró dè wọ́n, pè wọ́n. Ládùúgbò púpọ̀ èèyàn lè kọ̀wé fúnra ẹ̀ sí speech therapist (ẹni tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀) láìgba ọ̀dọ̀ GP, dókítà àdúgbò. Tó bá lọ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń gbàgbé, ìyẹn ò ní ká fàlẹ̀ rárá. Kọ gbogbo ohun tó ń sọ sílẹ̀ kó o tó lọ, èdè méjèèjì, títí kan "mẹ́ẹ̀" tó bá fi ń pe ewúrẹ́, wọ́n máa ń kà á.

Màmá Kékeré: Mo ti ń kọ ọ́ sẹ́yìn red book ẹ̀, ìwé ìlera ọmọ, báyìí. Mo ti dé 23, mi ò sì tíì ka orúkọ oúnjẹ.